Ta Ló Ru Ẹrù Ẹ̀rí? Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Ka Eré Ilé-Ẹjọ́

Ẹni tó jẹ́ pé inú fíìmù ló ti mọ kóòtù, tó wá wọ kóòtù ní Èrúwà fún ìgbà àkọ́kọ́, òòlù ni ojú rẹ̀ yóò máa wá. Kò ní rí i. Àwọn adájọ́ tiwa kì í fi òòlù igi gbá tábìlì. Àṣà Amẹ́ríkà ni, àwọn onífíìmù wa ló yá a wálé. Níbí, òṣìṣẹ́ kóòtù kan ni yóò ké "Kóòtù!", tí gbogbo ilé yóò sì dìde. Adájọ́ yóò tẹrí ba díẹ̀, yóò jókòó, kálukú náà yóò jókòó. Ohun kejì tí yóò ya àlejò náà lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń falẹ̀. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Lọ́yà yóò béèrè, ẹlẹ́rìí yóò fèsì, gbogbo wọn yóò wá dákẹ́, wọn yóò máa wo bíírò adájọ́ bó ṣe ń lọ lórí ìwé. Ìgbà tí bíírò bá dúró ni ìbéèrè mìíràn tó lè jáde.

Kò sí òǹkọ̀wé eré tó máa gbé irú ìyẹn sórí ìtàgé bó ṣe wà, àfi tó bá fẹ́ káwọn òǹwòran sùn lọ. Ó ní láti gé e kúrú, kó fi ariwo díẹ̀ sí i. Ìyẹn kò burú. Ibi tó ti burú ni kí òǹkàwé má mọ ohun tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n fi kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé girama, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Adéṣèun Ògúndoyìn náà, máa ń ka eré ilé-ẹjọ́ láti mọ lọ́yà tó lẹ́nu jù, tàbí ẹni tó sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ni jù. Ojú tí mo fẹ́ ká fi wò ó yàtọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará kóòtù ń lò, látorí ẹ̀sùn títí dé kòtẹ́milọ́rùn, ìbéèrè kan ló wà nídìí wọn: ta ló kàn láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, kí ni òfin sì gbà kó fi ṣe é? Ẹni tó bá ń béèrè èyí bó ṣe ń ṣí ojú ewé, eré náà yóò yé e ju ẹni tó há gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún sórí lọ.

Ẹjọ́ ta ni?

Ká kọ́kọ́ mọ irú ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n jí ọ̀kadà ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Èrúwà sí Lánlátẹ̀, ọlọ́pàá sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ọlọ́kadà ló pe ẹjọ́. Rárá o. Ìjọba ló pe ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí lásán ni ọlọ́kadà. Ìdí nìyí tí kò fi lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun ti dárí jì í, kí kálukú máa lọ sílé, kí ẹjọ́ sì parí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn. Ní kóòtù Májísíréètì, ọlọ́pàá ló sábà máa ń rojọ́ fún ìjọba. Ní Kóòtù Gíga, agbẹjọ́rò ìjọba ni.

Orúkọ tí à ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń yí padà bí ẹjọ́ ṣe ń lọ, ibẹ̀ sì ni àti ìwé ìròyìn àti eré ti máa ń dà á rú. Kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù, afurasí ni. Tí wọ́n bá ti ka ẹ̀sùn sí i létí, ó di olùjẹ́jọ́. Ìgbà tí kóòtù bá dá a lẹ́bi la tó lè pè é ní ọ̀daràn. Òǹkọ̀wé eré tó mọṣẹ́ kì í fi orúkọ yìí ṣòfò. Ẹ máa wo ẹni tó bá kọ́kọ́ pe olùjẹ́jọ́ ní "olè" lórí ìtàgé, kí ẹ sì wò ó bóyá adájọ́ dá a lẹ́kun.

Irú kejì ni ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú: ilẹ̀, gbèsè, ogún, ìkọ̀sílẹ̀. Níbí, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn ló pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, òun là ń pè ní olùpẹjọ́. Kóòtù lè ní kí ẹni tó jẹ̀bi san gbèsè, kó san owó gbà-má-bínú, tàbí kó kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjìyà ẹ̀wọ̀n kọ́ ni wọ́n bá wá síbẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, ló ń gbọ́ púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ báyìí, Yorùbá ni tọkọtaya sì fi ń rojọ́ ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, irú ẹjọ́ yìí ni wọ́n ní lọ́kàn: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí oko bàbá wọn.

Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló gbé ìran ilé-ẹjọ́ inú The Merchant of Venice ti Shakespeare ró, ní apá kẹrin eré náà. Shylock wọ kóòtù gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ lórí gbèsè. Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí Antonio kò bá san owó lásìkò, òun yóò gé ẹran ìwọ̀n páùn kan lára rẹ̀. Kó tó jáde, òun gan-an ti di olùjẹ́jọ́: wọ́n ní àjèjì tó ń wá ẹ̀mí ọmọ ìlú ni. Ẹni tó bá ka ìran náà bí ẹjọ́ kan ṣoṣo kò ní rí ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀ mọ́ Shylock lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ọ́ jáde, ìdájọ́ yẹn kò lè dúró lọ́jọ́ kan ní kóòtù tiwa. Portia tó wọṣọ ọkùnrin wá ṣàlàyé òfin kì í ṣe amòfin rárá, ìyàwó ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Antonio sì ni. Àwọn tó máa ń yin ọgbọ́n rẹ̀ kì í dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹrù ẹ̀rí

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìjẹ̀bi ni títí wọn yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà: ẹni tó bá ní nǹkan rí báyìí ni kó fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ẹrù ẹ̀rí. Ẹ wo obìnrin tó ru gààrí láti oko bọ̀ wá sí ọjà. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ wá fi hàn pé òun kò ru nǹkan kan. Ẹni tó rù ú ni yóò rù ú dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́; tó bá dà nù lọ́nà, ìbáà ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ọjà, kò dé ọjà náà ni. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ru gààrí. Olùjẹ́jọ́ lè dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí abala 36 kan náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ fipá mú un jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí ìjọba gbọ́dọ̀ rù ú dé jìnnà: kí ó kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Kì í ṣe gbogbo iyèméjì o. Ẹni tó bá ní bóyá iwin ló ti ọ̀kadà lọ kò tíì mú iyèméjì kankan wá. Ṣùgbọ́n tí lọ́yà bá fi hàn pé òru ni, pé kò sí iná mọ̀nàmọ́ná lọ́jọ́ náà, pé ẹ̀yìn ni ẹlẹ́rìí ti rí olè, iyèméjì ti dé. Nínú ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú, ọ̀nà kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá fi díẹ̀ wúwo ju ti ẹnì kejì lọ ló jàre.

Ìgbà tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn tán, wọn yóò bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó jẹ̀bi. Ìdáhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ ní kóòtù wa: "Mo jẹ̀bi pẹ̀lú àlàyé." Àwọn èrò ẹ̀yìn máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n adájọ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò gbọ́ àlàyé ọ̀hún dáadáa, torí àlàyé náà lè pa ẹ̀bi náà rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa lè ní òun jẹ̀bi pé òun gbé ọ̀kadà, òun ṣáà rò pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹni tó rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ kò jalè. "Kò jẹ̀bi" ni kóòtù yóò kọ sílẹ̀, kí ìjọba lọ wá ẹ̀rí.

Ẹni tó bá dákẹ́ ńkọ́? Ngũgĩ wa Thiong'o àti Mĩcere Gĩthae Mũgo lo ìdákẹ́ yìí nínú The Trial of Dedan Kimathi, tó jáde ní 1976. Dedan Kimathi gidi, olórí kan nínú àwọn jagunjagun Mau Mau ní Kẹ́ńyà, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní Nyeri ní 1956 lórí ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù Kejì 1957. Nínú eré náà, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, kò fèsì. Kóòtù gidi kò ní tìtorí ìyẹn dúró; "kò jẹ̀bi" náà ni wọn yóò kọ, ẹjọ́ yóò sì máa lọ. Lórí ìtàgé, ìdákẹ́ ọ̀hún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ẹni tó bá dáhùn, ìbáà ní òun kò jẹ̀bi, ti gbà pé kóòtù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bi òun. Kimathi kò gbà.

Oníbọn ilé rédíò

Ẹjọ́ kan wà tó kọ́ni ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju ọ̀pọ̀ eré lọ, Ìbàdàn níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tó da Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rú, wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tó jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà, sáfẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé rédíò, ó fipá mú àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n gbé téèpù tirẹ̀ sí i dípò. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà, òǹkọ̀wé eré tí ayé ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kì í ṣe pé ó bú ìjọba. Wọ́n ní ó fi ìhalẹ̀ gba téèpù, olè ni wọ́n pè é. Adájọ́ Kayode Eso ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó dá a sílẹ̀, torí àwọn ẹ̀rí tí ìjọba kó wá tako ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí díẹ̀. Kò nira fún ìjọba láti fi hàn pé oníbọn kan wọ ilé rédíò. Ìlú ló gbọ́ ohun tó jáde lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó nira ni ìdámọ̀, ìyẹn pé ẹni tó dúró sínú àpótí olùjẹ́jọ́ yìí gan-an ni oníbọn ọ̀hún. Ìdajì eré ilé-ẹjọ́ tó wà láyé ló dá lórí ìyàtọ̀ àárín "ó ṣẹlẹ̀" àti "òun ló ṣe é". Òǹkàwé tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa bínú sí lọ́yà olùjẹ́jọ́ pé ó ń sẹ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tí lọ́yà náà kò sì sẹ́ ohunkóhun àfi ìdámọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtakora náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìtakora ló ń tú ẹjọ́ ká. Ẹlẹ́rìí méjì kò lè rí nǹkan kan náà bákan náà. Tí ẹnì kan bá ní aago méje alẹ́ ni, tí ẹnì kejì ní méje ti kọjá díẹ̀, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Kódà, bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ̀ bí ẹni ka àkọ́sórí, ìgbà yẹn ni adájọ́ máa ń fura pé ẹnì kan ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ nílé. Ìtakora tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ ni èyí tó kan gbòǹgbò ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn ogójì ọdún, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ọjọ́ náà sínú You Must Set Forth at Dawn tó jáde ní 2006, kò sì fi ara rẹ̀ pa mọ́ mọ́. Ṣé Eso wá ṣìdájọ́ nìyẹn? Kò ṣì í. Adájọ́ kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tí kóòtù bá sì ti dá láre báyìí, òfin kò gbà kí wọ́n tún pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìbáà lọ kọ ìwé lé e lórí. Adájọ́ Eso náà kọ ìwé tirẹ̀ ní 1996, ó pè é ní The Mystery Gunman. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ nígbà yẹn, síbẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni sínú àkọlé rẹ̀.

Nínú àpótí ẹlẹ́rìí

Ẹlẹ́rìí yóò kọ́kọ́ búra. Onígbàgbọ́ a di Bíbélì mú, mùsùlùmí a di Kùránì mú, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a fi irin búra. Irọ́ tó bá pa lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀sùn mìíràn ni lọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Ẹni tó pè é ni yóò kọ́kọ́ bi í. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà alátakò yóò wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí nǹkan bá wá rú jú, ẹni tó pè é lè tún padà wá tún un ṣe, kìkì lórí ohun tó rú jú náà. Ẹ fi etí sí irú ìbéèrè tó ń jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìjọba pe aládùúgbò kan wá jẹ́rìí lórí ọ̀kadà wa. Agbẹjọ́rò ìjọba lè sọ pé:

"Kí lo rí lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Kò lè sọ pé:

"Ṣé olùjẹ́jọ́ yìí lo rí tó ń ti ọ̀kadà lọ?"

Ìbéèrè kejì ti gbé ìdáhùn sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Lọ́yà alátakò ní tirẹ̀ lè gbé e sí i lẹ́nu bó bá ṣe wù ú:

"Màmá, ẹ máa ń lo gíláàsì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Inú yàrá ni gíláàsì yín wà lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Inú yàrá ni, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ náà."

"Ohun tí mo bi yín ni ibi tí gíláàsì wà."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé lọ́yà yẹn ń fìyà jẹ arúgbó, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe: ó ń wò ó bóyá ẹrù tí ìjọba gbé kalẹ̀ ti jò.

Nígbà tí lọ́yà inú fíìmù bá fò dìde pé òun ta ko ìbéèrè kan, ẹ béèrè ìdí. Àtakò tí kò nídìí kò sí ní kóòtù. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù méjì ni èyí tí mo sọ tán yìí àti ẹ̀rí àgbọ́sọ, ìyẹn "wọ́n ní". Bí màmá bá ní ìyá ẹlẹ́kọ ló sọ fún òun pé òun rí olè, kóòtù kò ní fi ìyẹn mọ ẹni tó jalè. Kí ìyá ẹlẹ́kọ wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè bi òun náà bóyá ó ń lo gíláàsì. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́ sọ nípa ohun tó fa ikú rẹ̀, nígbà tó ti gbà pé òun kò ní yè é, kóòtù lè gba ìyẹn lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹ máa ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bẹ́ẹ̀ nínú eré. Òǹkọ̀wé kì í sábà fi sí i lásán.

Ẹnì kan wà tí ọ̀pọ̀ eré máa ń gbàgbé: ògbufọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Kóòtù Gíga fi ń ṣiṣẹ́, abala 36 sì fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ẹlẹ́rìí tún ọ̀rọ̀ ṣe. Tó bá sọ ọ́ wúruwùru, wúruwùru náà ni kó wọ ìwé. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó pẹ́ ní kóòtù yóò rí. Ẹlẹ́rìí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, tó sì ní Yorùbá lòun fẹ́ sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbọ́ ìbéèrè kan. Kí ògbufọ̀ tó sọ ọ́ tán, ó ti ro èsì rẹ̀. Mo ń retí òǹkọ̀wé Yorùbá tí yóò gbé irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ sórí ìtàgé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí tó fojú rí i, òfo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí lè wá láti inú àyíká ọ̀rọ̀: kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà tí wọ́n bá nínú àpò, òórùn epo lára aṣọ, àlàyé tí kò bá ara wọn mu. Ní 1953, wọ́n pa Aáfà Bísíríyù Àpáláarà ní Òkò-Awo l'Ékòó nítorí ìwàásù rẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀ dòní. Síbẹ̀ kóòtù dá àwọn kan lẹ́bi ìpànìyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pa wọ́n. Ohun tí ẹ̀rí àyíká gbọ́dọ̀ ṣe ni kó tọ́ka sí ẹnì kan láìfi àyè sílẹ̀ fún àlàyé mìíràn tó mọ́gbọ́n dání. Ohun tí lọ́yà bá sì sọ ní tirẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, kì í ṣe ẹ̀rí, ìbáà pa gbogbo ilé lẹ́kún.

Àwọn méjìlá tí kò sí ní kóòtù wa

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Twelve Angry Men, tí Reginald Rose kọ́kọ́ kọ fún tẹlifíṣọ̀n ní 1954, tí Sidney Lumet sì sọ di fíìmù ní 1957, fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn aráàlú méjìlá jókòó sí láti pinnu bóyá ọmọkùnrin kan pa bàbá rẹ̀. Eré tó dára ni, mo sì máa ń ní kí àwọn èwe wò ó torí ọ̀rọ̀ iyèméjì. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aráàlú bẹ́ẹ̀ kò sí ní kóòtù wa mọ́. Èkó lò ó rí, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Adájọ́ wa nìkan ló ń wọn ẹ̀rí, òun náà ló ń sọ òfin, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tó fi dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí kóòtù tó ju tirẹ̀ lọ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, lọ́yà inú fíìmù Yorùbá tó kọjú sí èrò ẹ̀yìn tó ń bẹ̀bẹ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?

Lẹ́yìn tí ìjọba bá ti kó ẹ̀rí rẹ̀ tán

Níbí ni ohun kan ti lè ṣẹlẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé eré máa ń sá fún. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ lè dìde kó ní kò sí ẹjọ́ kankan tí oníbàárà òun ní láti jẹ́, torí gbogbo ohun tí ìjọba kó wá kò kan án. Bí adájọ́ bá gbà, ẹjọ́ parí, olùjẹ́jọ́ á lọ sílé láìla ẹnu. Ẹ rí i pé eré tó bá parí báyìí yóò já òǹwòran kulẹ̀, torí gbogbo wa la ti ń dúró de ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò bọ́ sínú àpótí.

Tí ẹjọ́ bá lọ dé ìparí, ìdájọ́ àti ìjìyà kì í ṣe ọ̀kan náà. Kóòtù á kọ́kọ́ sọ bóyá ó jẹ̀bi. Bó bá jẹ̀bi, àyè wà fún ìbẹ̀bẹ̀: ìyàwó, ọmọ kékeré, pé kò ṣe irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtànran tó jáde. Bí kò bá jẹ̀bi, wọn yóò tú u sílẹ̀, wọn yóò sì dá a láre, méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n kàn tú sílẹ̀ láìdá a láre, bóyá torí ìjọba fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ṣì lè padà wá mú un. Eré tó ní olùjẹ́jọ́ "gba òmìnira" láìsọ èwo nínú méjèèjì ti fi ohun kan pa mọ́.

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kóòtù tó ń gbọ́ ìyẹn kì í sábà pe ẹlẹ́rìí tuntun. Ìwé ni wọ́n ń kà, wọ́n ń wá ibi tí kóòtù ìsàlẹ̀ ti ṣìnà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1963, Adájọ́ George Sówẹ̀mímọ̀ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ìjọba kò jẹ́ kí lọ́yà tó gbà láti òkèèrè wọ orílẹ̀-èdè yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì rojọ́ ara rẹ̀. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kò bọ́ sí i. Ìdáríjì ìjọba Yakubu Gowon ló mú un jáde ní oṣù Kẹjọ 1966. Ìdáríjì kì í ṣe ìdáláre: kóòtù kankan kò yí ọ̀rọ̀ Sówẹ̀mímọ̀ padà. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ gbé ìtàn yẹn sórí ìtàgé, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tí yóò parí eré rẹ̀ sí.

Ó ku irú eré kan tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ti ilé-ẹjọ́, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Citation, fíìmù tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2020, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ bá òun ṣe ìṣekúṣe. Gbogbo ohun tí a ti sọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀: ẹlẹ́rìí, ìbéèrè líle, lọ́yà. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ló jókòó, kì í ṣe kóòtù. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lé olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè rán an lọ sẹ́wọ̀n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fẹ́ kí ó dé ẹ̀wọ̀n, ọlọ́pàá ló máa lọ bá, ìjọba ni yóò pe ẹjọ́, òun yóò di ẹlẹ́rìí, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀sùn, níwájú adájọ́ tí kò ní ka ohun tí ìgbìmọ̀ sọ sí ẹ̀rí pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà jẹ̀bi.